Gbólóhùn inú fíìmù lẹ́nu àwọn ará ibiṣẹ́: báwo lẹ ṣe ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí òótọ́?

Àdùkẹ́ Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú tèmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ aago mẹ́ta òru, èmi àti ọmọbìnrin òyìnbó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Bàbá kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láyé nínú yàrá tó kọjú sí wa, kò tíì pẹ́ rárá. Ni ọmọbìnrin yìí bá fa súẹ́tà rẹ̀ dé àgbọ̀n, ó ranjú kalẹ̀, ó wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí pé, "I see dead people."

Mo fò dìde. Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Mo bi í pé ta ló rí, ṣé bàbá ọjọ́sí ni, ṣé aṣọ funfun ló wọ̀, ṣé ó pe orúkọ ẹnikẹ́ni? Torí nílé wa, bí òkú bá ti lè pe orúkọ èèyàn, a kì í fi ìyẹn di ọ̀la. Òun kàn ń wò mí. Ìgbà tó yá ló bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní fíìmù ni, ó ní kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé ilé ìdáná. Báyìí, tí mo bá ti ń kọjá, ẹnì kan á fa aṣọ dé àgbọ̀n. N ò bínú o, àwọn náà ò sì fi ṣe ìkà. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ojoojúmọ́ ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ń jáde lẹ́nu wọn, n ò sì mọ èyí tí mo máa dìde fún àti èyí tí mo máa jókòó tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Mo rẹ́rìn-ín títí, àánú ẹ sì ṣe mí. Fíìmù 1999 ni, The Sixth Sense. Ọmọdékùnrin kan ló ń rí òkú tí wọ́n ń rìn kiri bí alààyè, Bruce Willis ló sì ń sọ ọ́ fún. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ọmọ náà wà, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora dé àgbọ̀n. Súẹ́tà tí ọ̀rẹ́ ẹ fà yẹn, ibẹ̀ ló ti kó o. Ṣó o wá rí i, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń há sórí, wọ́n ń há ìṣe àti ohùn mọ́ ọn.

Ibẹ̀ gan-an lo ti máa mú wọn. Ohùn ló máa ń kọ́kọ́ yí padà. Ẹni tó ti ń fọhùn bí ará Leeds láti àárọ̀ á ṣàdédé máa sọ̀rọ̀ bí ará Amẹ́ríkà, tàbí kó fún ohùn pọ̀ bíi ti Arnold Schwarzenegger tó sọ "I'll be back" nínú The Terminator lọ́dún 1984. Tó bá sọ ọ́ tán, kò ní fi òmíràn kún un. Ojú ẹ ni á máa wò, á máa retí bóyá wàá dáhùn. Ẹni tó rí òkú ní ti gidi kò ní dúró máa wo ojú ẹ, àbúrò. Ẹsẹ̀ ló máa fi sọ̀rọ̀.

Má sì rò pé wàá wo gbogbo fíìmù ayé tán. Lọ́dún 2005, American Film Institute ṣa ọgọ́rùn-ún gbólóhùn inú fíìmù Amẹ́ríkà jọ. Èyí tó gbapò kìíní wá láti inú Gone with the Wind ti 1939, níbi tí ọkọ ti ń sọ fún ìyàwó tó ń sunkún pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i kò kan òun mọ́. "Frankly, my dear, I don't give a damn." Tìẹ yẹn ṣe ìkẹrìnlélógójì. Lójú tèmi, bíi mẹ́wàá nínú gbogbo rẹ̀ ló ń yí lẹ́nu àwọn ará ibiṣẹ́. Wo ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ nìkan lórí YouTube, ìṣẹ́jú kan, ó ti tó.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣe ìtọ́jú yàtọ̀ sí tẹni tó wà ní ọ́fíìsì. Ní wọ́ọ̀dù wa, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ń fa iṣẹ́ lé àwọn ti òwúrọ̀ lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì kan kàn gbé fáìlì sókè, ó ní "Houston, we have a problem." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Òṣogbo bẹ̀rẹ̀ sí í wá Ọ̀gbẹ́ni Houston nínú orúkọ àwọn aláìsàn. Ó ń fìka tọ ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ó wá bi mí ní Yorùbá pé, "Àǹtí, ṣé wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn ni?" Bẹ́ẹ̀, aláìsàn tí wọ́n ń sọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ́síjìn ara rẹ̀ ń wálẹ̀.

Látọjọ́ náà, ohun tí mo ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé kí wọ́n má ṣe dá ara wọn láàmú bóyá fíìmù ni tàbí fíìmù kọ́. Ẹ bi wọ́n: bẹ́ẹ̀dì wo, kí ló ṣe é, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Tó bá jẹ́ eré, á jẹ́wọ́. Tó bá jẹ́ òótọ́, o ti rí ìdáhùn gbà. Mi ò tíì rí ọ̀gá tó bínú sí ẹni tó bi irú ìbéèrè yẹn. Ẹni tó bá wọn rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí wọ́n ń sọ ni mo máa ń bẹ̀rù fún, torí wọ́n á rò pé ó ti gbọ́, wọ́n á sì kọjá lọ.

Àdùkẹ́, ẹ tún gbọ́ eléyìí. Ilé tí èèyàn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì lè wá kó ẹrù nígbàkigbà, kì í ṣe ibi tí a ti ń sọ pé a rí òkú. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ọmọbìnrin yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un ní pẹ̀lẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹ ò mọ eré.

Akin Texas

Ẹ̀yin ará London, ẹ bọ̀wọ̀ fún ìlú wa o! Ìgbàkigbà tí mo bá lọ sí ìpàdé iṣẹ́ níbòmíràn, tí wọ́n bi mí pé níbo ni mò ń gbé, tí mo bá ti ní Houston, ó parí. Ọkùnrin tó kàn á fún ohùn pọ̀. Orí kọ̀ọ̀kan á rò pé òun lòun kọ́kọ́ ronú kàn án.

Ìtàn tó wà nídìí ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. Oṣù kẹrin ọdún 1970 ni, ọkọ̀ Apollo 13 ń lọ sí òṣùpá, ojò ọ́síjìn kan bú gbàmù. Houston níbí ni àwọn tó ń darí ọkọ̀ náà látorí ilẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe orúkọ ìlú wa. Ohun tí wọ́n sọ gan-an ni "Houston, we've had a problem," bí ẹni pé nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀ kọjá. Fíìmù tí Tom Hanks ṣe ní 1995 ló sọ ọ́ di "we have", torí kí ẹ̀rù lè ba èrò ìwòran. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sílé láàyè. Ohun tí mo máa ń dá wọn lóhùn ni pé wọ́n ti tún un ṣe láti 1970. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, a ó sì lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò dìgbà tó o bá mọ fíìmù dá wọn lóhùn.

Gbẹ́nga Bíríkìlà

Èmi ò ráyè wo fíìmù, sìmẹ́ǹtì ni mo mọ̀. Oníbàárà kan rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní "I'm gonna make you an offer you can't refuse." Mo sọ fún ìyàwó mi nílé, ó ní nínú The Godfather ti 1972, ìbọn ni wọ́n gbé sí ọkùnrin kan lórí, tí wọ́n ní bóyá ọpọlọ rẹ̀ ni o tàbí ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ni o, ọ̀kan á wà lórí ìwé àdéhùn kí àwọn tó lọ. Haà! Mo padà dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, owó tí ọkùnrin náà fẹ́ san kò tó owó bíríkì. Mo kọ̀ ọ́. Kò sí ìbọn kankan.

Ìyá Babátúndé

Tiyín kéré. Ẹ jẹ́ kí n sọ tilé wa.

Ọmọ mi ọkùnrin, Babátúndé, kò tíì pé ọmọ ọdún méje. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ orúkọ yẹn: bàbá ọkọ mi wọlẹ̀, ọmọ yìí dé. Màmá ọkọ mi wá kí wa ní Manchester láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ní alẹ́ Sátidé, ọkọ mi ń jẹ èbà lọ́wọ́, ọmọ dé bọ́kẹ́ẹ̀tì borí, ó da ìborùn dúdú mi sẹ́yìn, ó wá dúró gbọnin síwájú bàbá rẹ̀. Ó ń mí họ̀ọ̀, họ̀ọ̀, bí ẹni tí ikọ́ efée ń ṣe. Ó ní, "I am your father."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ pé Darth Vader inú fíìmù Star Wars ló ń fara wé. Màmá ò gbọ́ òyìnbó púpọ̀, ṣùgbọ́n "father" yẹn, wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí ló wí? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aláìmọwọ́-mẹsẹ̀, túmọ̀ rẹ̀ fún wọn gbọrọgbọ: "Ó ní òun ni bàbá Dádì."

Màmá kúnlẹ̀. Mo ní wọ́n kúnlẹ̀, orí kápẹ́ẹ̀tì! "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Ẹ̀yin lẹ fi mí sílẹ̀ báyìí." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì, omijé ń dà. Ọmọ dákẹ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ńlá ni ìgbà tí Màmá nu ojú tán, tí wọ́n bi í pé ìwé ilẹ̀ ẹ̀yìn ọjà ńkọ́, níbo lẹ fi sí? Ọmọ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "In the cupboard."

Ẹ̀yin èèyàn, Màmá pe Ìjẹ̀bú lóru. Bùrọ̀dá ọkọ mi tú gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ilé. A fi fíìmù náà han Màmá lórí tẹlifíṣọ̀n, a ṣàlàyé títí ẹnu wa bó. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní, "Fíìmù ni, mo rí i. Ẹnu fíìmù náà ló gbà sọ̀rọ̀."

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tó dé, ẹ ti sọ fún wọn ohun tí àwọn ọmọ ń fi ṣeré nínú ilé.

Kọ́lá Olówe

Ìyá Babátúndé, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí n tún nǹkan kan ṣe. Ọmọ yín gan-an ló sọ ọ́ dáadáa ju àwọn àgbà lọ. Gbogbo ayé ló ń sọ pé "Luke, I am your father." Kò sí níbẹ̀. Nínú The Empire Strikes Back ti 1980, ọ̀kan nínú àwọn fíìmù Star Wars, ohun tí Darth Vader sọ fún Luke ọmọ rẹ̀ ni "No, I am your father." James Earl Jones, tó kú ní 2024, ló ya ohùn rẹ̀ fún un. Ti Casablanca, fíìmù 1942, náà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó sọ "Play it again, Sam" níbẹ̀. Obìnrin inú fíìmù náà ní "Play it, Sam." Kò sí "again". Mo máa ń sọ fún wọn níbi iṣẹ́ wa.

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Kọ́lá, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í pè ẹ́ tí wọ́n bá ń lọ mu ọtí ní Fráìdè. Ẹni tó bá ju gbólóhùn fíìmù sílẹ̀ fẹ́ káwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín ni. Àtúnṣe kọ́ ló ń wá. Ohun tí Àdùkẹ́ máa mú níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ fíìmù, àwọn náà ń ṣi í sọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì wo fíìmù ọ̀hún rí. Ẹnu bàbá wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Bàbá Tíṣà, Ìbàdàn

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀. Ohun tí àwọn òyìnbó yìí ń ṣe, òwe ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ń wo bọ̀ọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òwe ṣe rí ní ilé wa fún ọmọ tí kò gbé lọ́dọ̀ àgbà. Ìyàtọ̀ kan ló wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọdé tó bá fẹ́ pa òwe lójú àgbà á kọ́kọ́ tọrọ ààyè, á ní "tótó, ó ṣe bí òwe o," àgbà á sì dá a lóhùn pé "wà á rí òmíràn pa." Gbogbo àwùjọ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó kàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Àwọn wọ̀nyí ò ní tótó. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ lù ọ́ ni.

Nítorí náà, bi wọ́n láìtijú: fíìmù wo nìyẹn? Inú wọn á dùn láti sọ fún ọ. Olówe kì í bínú sí ẹni tó ní kó túmọ̀.

Dàpọ̀ Mọ̀ńkọ́là

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí tiwa, torí fíìmù Yorùbá ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bàbá wa kan jẹ Mógàjí. Gbogbo ẹbí ń kí wọn kú oríire lórí WhatsApp. Àbúrò mi kan, ọmọ yunifásítì, ló bá ju fídíò Ọ̀pálábá inú Saworoidẹ sójú pèpéle, ó fi àwọn àwòrán ẹ̀rín tì í. Ó ní orin náà kàn dùn mọ́ òun ni. Bàbá Mógàjí kọ gbólóhùn kan péré: "Ta ni Lápité nínú wa?" Wọ́n sì jáde kúrò nínú gúrúùpù. Látìgbà yẹn, wọn ò gbé fóònù ẹnikẹ́ni nínú ilé wa.

Bàbá Tíṣà, Ìbàdàn

Dàpọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò kéré o. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, fídíò ìṣẹ́jú kan lẹ mọ̀. Àwa wo fíìmù náà látòkèdélẹ̀ nígbà tó jáde ní 1999. Túndé Kèlání ló ṣe é, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì, ló ṣe Ọ̀pálábá. Fálétí ti lọ ní 2017, Ìṣọ̀lá tẹ̀lé e ní 2018. Ọba ìlú Jogbo ni Lápité. Ó pa orò tó yẹ kó ṣe tì kó tó gorí oyè, ó wá di ẹni tí ń bá àwọn agégẹdú pín owó igbó ìlú. Ọ̀pálábá ló ń fi orin àti òwe bú u, tí kò sẹ́ni tó lè mú un torí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè, tí o fi Ọ̀pálábá ránṣẹ́ sí lọ́sẹ̀ tó joyè! Bóyá ọmọ náà ò ní in lọ́kàn, mo gbà. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn gbọ́ ohun tí fíìmù náà ń sọ, kò sì ṣì í gbọ́. Ìyẹn ni wọ́n fi máa ń pín fídíò kan náà kiri tí ìbò bá ti ń bọ̀. Gbogbo aráàlú mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ má kọ ẹ̀bẹ̀ sórí WhatsApp, á dàbí ẹni pé ẹ̀ ń fi kún un. Kí bàbá ọmọ náà mú un lọ sílé wọn ní òwúrọ̀, kí èrò tó pọ̀. Kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kó má sì dìde títí wọ́n fi ní kó dìde. Kó má ṣàlàyé fíìmù rárá o! Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "Bàbá, nínú fíìmù yẹn, Lápité..." ó ti tún bú wọn lẹ́ẹ̀kejì nínú pálọ̀ wọn. Ohun tó máa sọ ni pé, "Ẹ má bínú, mi ò ro ibi tó máa já sí." Lẹ́yìn náà, kí bàbá rẹ̀ ní kí Mógàjí wúre fún un. Ẹni tó bá ti wúre fún ọmọ tán, ó ṣòro kó tún máa bá a bínú.

Dàpọ̀ Mọ̀ńkọ́là

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ọmọ náà ti pèsè àlàyé kalẹ̀, ojú ìwé méjì. Mo máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ṣadé Birmingham

Aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mí níbi iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó dé ọ̀dọ̀ mi wá. Máníjà tuntun dé, Jennifer lorúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá mélòó kan wà ní ẹ̀ka náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pe orúkọ obìnrin yìí, ẹnì kan nínú wọn á fa ohùn, "Jénífà!", àwọn yòókù á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀. Fíìmù Fúnkẹ́ Akíndélé ti 2008, ọmọ oko tó wọ yunifásítì, tó pa orúkọ rẹ̀ Suliat tì, tó wá ń ya òyìnbó bí aṣọ. Obìnrin yìí ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ohun tóun mọ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ òun, ní èdè tí òun ò gbọ́. Ó gba HR lọ, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́.

Wọ́n pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo bá wọn jókòó. Ọ̀kan nínú wọn ti fi fíìmù náà sórí fóònù, ó fẹ́ fi han wọn. Mo ní kó fi pa mọ́. Báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ fún máníjà pé ìdí tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín ni pé orúkọ rẹ̀ rán yín létí ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó? Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé orúkọ ẹnì kan nínú fíìmù ilé wa ni, pé òun kọ́ ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n fún wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí n sì fi èyí kún un, torí mo ti rí i tó lé èèyàn níṣẹ́ kúrò: gbólóhùn yòówù tí ìbọn bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. "Say hello to my little friend" ti Scarface, 1983, ìbọn ńlá ni ọkùnrin yẹn gbé dání nígbà tó ń sọ ọ́. Ẹ má sọ ọ́ níbi iṣẹ́, ẹ má kọ ọ́ sínú ímeèlì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ ọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú. Nínú ímeèlì, kò sí ohùn tó máa yí padà, kò sí ojú tí wọ́n máa wò. Ọ̀rọ̀ nìkan ló kù.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́

Èmi ì bá fi fíìmù yẹn hàn án o, Ṣadé. Obìnrin á rí i pé ẹ̀rín gidi wà níbẹ̀.

Ṣadé Birmingham

Lẹ́yìn iṣẹ́, tó bá di ọ̀rẹ́ yín. Kì í ṣe níwájú HR.

Tọ́pẹ́ Dublin

Ti wa náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn báyìí, ẹ má rò pé àwa nìkan ni kì í mọ nǹkan. Ní ibi iṣẹ́ wa, àwòrán àwọn méjì inú Aki na Ukwa ni wọ́n fi ń dá ara wọn lóhùn nínú gúrúùpù. Fíìmù 2002 ni, ó sì tó bí 2019 kí àwọn àwòrán náà tó gba orí Twitter kan káàkiri ayé. Ọ̀kan nínú wọn fi àwòrán Osita Iheme ránṣẹ́, ìgò ọtí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan tó ń bójú tó ààbò àwọn ọmọdé bínú burúkú, ó ní ta ló fún ọmọ yìí ní ọtí, ó fẹ́ fi ẹjọ́ sùn. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ọdún 1982 ni wọ́n bí ọkùnrin yẹn, pé àgbà ọkùnrin ni nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà. Mo gbádùn ìṣẹ́jú yẹn. Gbogbo wọn yí mi ká, "Ṣé òótọ́ ni? Kí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀? Ta ni èkejì?" Àdùkẹ́, má máa gba tiwọn nìkan. Fi tiwa náà hàn wọ́n.

Àdùkẹ́ Leeds

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará. Mo ti bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ bí Àǹtí Fúnkẹ́ ṣe wí. Ó bẹ̀ mí, ó ní òun ò tiẹ̀ rántí bàbá tó kú rárá. Mo tún wo ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ lórí YouTube. Ní ọ̀sán ni mo wò ó o.

Ó ku ẹyọ kan. Àwọn yòókù ṣì ń fa aṣọ dé àgbọ̀n tí mo bá ń kọjá. Kí ni mo lè sọ tó máa pa wọ́n lẹ́nu mọ́ láìjẹ́ ìjà?

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Ìyẹn ò le. Tí wọ́n bá tún ní àwọn ń rí òkú, sọ pé kí wọ́n bá ẹ kí wọn. Kó o sì máa bá iṣẹ́ ẹ lọ.

Ìyá Babátúndé

Ẹ̀gbọ́n! Ta ló ń fi ìkíni ránṣẹ́ sí òkú lóru? Àdùkẹ́, má dá wọn lóhùn o.

Bàbá Tíṣà, Ìbàdàn

Ìyàwó wa sọ òótọ́. Bí ó bá fẹ́ dá wọn lóhùn, kó dúró di ojúmọmọ. Kó bi wọ́n pé ṣé àwọn òkú náà ti fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ alẹ́, àbí àwọn ló ń bá wọn ṣe é. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í ráyè rí òkú.

Àdùkẹ́ Leeds

Hahaha! Èyí ni mo mú, Bàbá.

Dàpọ̀ Mọ̀ńkọ́là

Ẹ jọ̀ọ́, kí n fi fídíò Ọ̀pálábá yẹn síbí fún àwọn tí kò tíì rí i?

Alábòójútó

Dàpọ̀, rárá. Ẹ lọ bẹ Mógàjí ná.